Ààlà Ọ̀rọ̀ Agbẹjọ́rò ní Gbangba Nípa Ẹjọ́ Ọ̀ràn tí Ilé-Ẹjọ́ Kò Tíì Dá

Ààlà ọ̀rọ̀ agbẹjọ́rò ní gbangba ni àkójọ àwọn òfin àti ìlànà iṣẹ́ tí ó ń sọ ohun tí agbẹjọ́rò lè sọ, àti ohun tí kò gbọdọ̀ sọ, fún àwọn akọ̀ròyìn tàbí fún ará ìlú nípa ẹjọ́ tí ilé-ẹjọ́ kò tíì parí. Ó kan agbẹjọ́rò ìjọba tí ó pe ẹjọ́, ó sì kan agbẹjọ́rò tí ó ń gbèjà ẹni tí a fẹ̀sùn kàn. Kì í ṣe òfin tí ó pa agbẹjọ́rò lẹ́nu mọ́ pátápátá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ya ọ̀rọ̀ tí ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ tí ó lè ba ìgbẹ́jọ́ jẹ́ kí ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ tó la ẹnu.

Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àríyànjiyàn lórí ààlà yìí ti dé ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ. Ẹjọ́ tí a sì máa ń tọ́ka sí jù lọ ni ti Gentile àti Ẹgbẹ́ Agbẹjọ́rò Ìpínlẹ̀ Nevada, tí a dá ní ọdún 1991. Àpilẹ̀kọ yìí gbé ẹjọ́ náà yẹ̀ wò, pẹ̀lú ohun tí ó ṣáájú rẹ̀ àti ohun tí ó tẹ̀lé e, ó sì fi wé ohun tí ìlànà iṣẹ́ agbẹjọ́rò ní Nàìjíríà sọ.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a lò

Nínú Yorùbá òde òní, "ẹjọ́ ọ̀daràn" ni a sábà máa ń pe ẹjọ́ tí ìjọba pe ènìyàn lórí olè jíjà, ìpànìyàn àti irú wọn. Àléébù kan wà nínú orúkọ náà. Ọ̀daràn ni ẹni tí ó dá ọ̀ràn. Bí a bá ti ń pe ẹjọ́ kan ní ẹjọ́ ọ̀daràn kí ìdájọ́ tó wáyé, a ti fi orúkọ ẹlẹ́bi pe ẹni tí a kò tíì gbọ́ tẹnu rẹ̀. Nítorí náà, "ẹjọ́ ọ̀ràn" ni a lò níhìn-ín.

Afurasí ni ẹni tí àwọn ọlọ́pàá fura sí. Olùjẹ́jọ́ ni ẹni tí a ti ka ẹ̀sùn sí létí ní ilé-ẹjọ́. Ọ̀daràn ni ẹni tí ilé-ẹjọ́ ti dá lẹ́bi. Ẹni kan náà lè gba ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá, ó sì lè dúró sí èkíní tàbí èkejì kí ó sì lọ sílé ní òmìnira. Gbogbo ìlànà tí a ó mẹ́nu bà nísàlẹ̀ ni ó dá lórí pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀rọ̀ ẹnu gbé olùjẹ́jọ́ lọ sí ìpele kẹta kí ilé-ẹjọ́ tó gbé e débẹ̀.

Ìdí tí ààlà fi wà

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ohun tí òwe yìí kọ̀ ni kí a dájọ́ kí a tó gbọ́ tẹnu ẹnì kejì, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ agbẹjọ́rò nínú ìwé ìròyìn lè mú kí gbogbo ìlú ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú ilé-ẹjọ́, ẹ̀rí ní ìlànà tirẹ̀. Ìjẹ́wọ́ tí a fi ìyà gbà lẹ́nu ènìyàn kò ní wọlé. Ẹ̀ṣẹ̀ tí olùjẹ́jọ́ ti dá rí kì í sábà wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé òun náà ni ó dá èyí tí a ń wí lọ́wọ́. Bí ẹlẹ́rìí bá sọ̀rọ̀, agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ kejì yóò dìde láti bi í léèrè. Ọ̀rọ̀ inú ìròyìn kò ní irú ìdíwọ̀n bẹ́ẹ̀: kò sí ẹni tí ó lè bi ìwé ìròyìn léèrè níwájú adájọ́.

Ewu náà pọ̀ sí i níbi tí a bá ti ń lo júrì, ìyẹn àwọn ará ìlú, tí wọ́n sábà máa ń jẹ́ méjìlá, tí a ṣà láti gbọ́ ẹ̀rí kí wọ́n sì sọ bóyá olùjẹ́jọ́ jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Inú àwọn tí ń ka ìwé ìròyìn tí wọ́n sì ń wo tẹlifíṣọ̀n ni a ti ń ṣà wọ́n. Ohun tí adájọ́ kò ní gbà kí wọ́n gbọ́ nínú ilé-ẹjọ́ lè ti wà lọ́kàn wọn kí wọ́n tó wọlé.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Ìgbẹ́jọ́ jẹ́ iṣẹ́ ìjọba, ará ìlú sì ní ẹ̀tọ́ láti mọ bí ìjọba ṣe ń lo agbára rẹ̀ lórí ènìyàn. Bákan náà, ẹ̀sùn lè ba ènìyàn jẹ́ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn oníbàárà rẹ̀ lè sá, àwọn ará àdúgbò lè máa yẹra fún un. Bí ọdún kan bá kọjá kí a tó dá a láre, ìdáláre náà lè má dá ohun tí ó sọnù padà. Bí àwọn ọlọ́pàá bá ti sọ tiwọn lójoojúmọ́, tí agbẹjọ́rò rẹ̀ sì dákẹ́, ẹjọ́ ẹnìkan náà ni ìlú ń gbọ́.

Òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé ẹ̀tọ́ méjèèjì yìí kalẹ̀ láti ọdún 1791. Àtúnṣe Kìíní dáàbò bo òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ, Àtúnṣe Kẹfà sì fún olùjẹ́jọ́ ní ẹ̀tọ́ sí júrì tí kì í ṣe ojúsàájú. Ibi tí ẹ̀tọ́ méjèèjì ti forí gbárí ni ààlà ọ̀rọ̀ agbẹjọ́rò wà.

Láti ìlànà ọdún 1908 dé ẹjọ́ Sheppard

Ní ọdún 1908, Ẹgbẹ́ Àwọn Agbẹjọ́rò Ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé ìlànà ìwà iṣẹ́ wọn àkọ́kọ́ jáde. Ogún nínú ìlànà náà sọ pé ọ̀rọ̀ tí agbẹjọ́rò bá gbé sí ìwé ìròyìn nípa ẹjọ́ tí ó wà níwájú ilé-ẹjọ́ lè dí ìgbẹ́jọ́ òdodo lọ́wọ́, àti pé irú rẹ̀ yẹ fún ìbáwí. Ìmọ̀ràn rere ni, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ni ẹni tí ó kà á sí.

Ẹjọ́ dókítà Sam Sheppard ni ó fi hàn bí ọ̀ràn náà ṣe burú tó. Ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1954, wọ́n pa ìyàwó rẹ̀ nínú ilé wọn ní Bay Village, lẹ́bàá ìlú Cleveland ní ìpínlẹ̀ Ohio. Àwọn ìwé ìròyìn ti ń pè é ní apànìyàn kí wọ́n tó mú un. Nígbà tí ìgbẹ́jọ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n tẹ́ tábìlì fún àwọn akọ̀ròyìn ní àárín ibi tí àwọn agbẹjọ́rò jókòó sí, débi pé Sheppard kò lè bá agbẹjọ́rò rẹ̀ sọ̀rọ̀ àṣírí láìjẹ́ pé wọ́n gbọ́. A tẹ orúkọ àti àdírẹ́sì àwọn tí a fẹ́ ṣà sí júrì sínú ìwé ìròyìn. Ọ̀rọ̀ tí ẹlẹ́rìí kankan kò sọ nínú ilé-ẹjọ́ ń jáde nínú ìròyìn bí ẹni pé ẹ̀rí ni. Ìgbà ìdìbò sì ni: adájọ́ tí ó ń gbọ́ ẹjọ́ náà ń du ipò rẹ̀ padà, olórí agbẹjọ́rò ìjọba pẹ̀lú ń du ipò adájọ́.

Júrì dá Sheppard lẹ́bi. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ni ó lò lẹ́wọ̀n. Ní ọdún 1966, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ fagi lé ìdájọ́ náà. Adájọ́ Tom Clark, tí ó kọ ìdájọ́ náà, sọ pé adájọ́ ìgbà yẹn ní agbára láti fòfin de àwọn agbẹjọ́rò, àwọn ẹlẹ́rìí àti àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ẹjọ́ pé kí wọ́n má ṣe bá akọ̀ròyìn sọ ọ̀rọ̀ tí ó lè ba ẹjọ́ jẹ́, ó sì yẹ kí ó lò ó. A tún ẹjọ́ náà gbọ́ ní ọdún yẹn kan náà, júrì kejì sì dá Sheppard sílẹ̀.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìdájọ́ yẹn, nínú ẹjọ́ tí ẹgbẹ́ àwọn oníwèé ìròyìn Nebraska pè ní ọdún 1976, ilé-ẹjọ́ kan náà sọ ọ́ di ohun tí ó ṣòro gidigidi fún adájọ́ láti ka gbígbé ìròyìn ẹjọ́ jáde léèwọ̀ fún àwọn akọ̀ròyìn. Láti ìgbà náà, bí a kò bá lè pa akọ̀ròyìn lẹ́nu mọ́, ẹnu àwọn tí ó ń fún un ní ọ̀rọ̀ ni a ní láti wò. Bí ẹrù náà ṣe bọ́ sí èjìká agbẹjọ́rò nìyẹn. Ní ọdún 1983, Ẹgbẹ́ Àwọn Agbẹjọ́rò Ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi àwọn ìlànà tuntun lélẹ̀. Òfin 3.6 nínú wọn ka ọ̀rọ̀ tí ó bá ṣeé ṣe gidigidi kí ó pa ẹjọ́ lára léèwọ̀ fún agbẹjọ́rò. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń pinnu bóyá yóò gba ìlànà náà, Nevada sì gbà á.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Las Vegas

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1987, nǹkan bí kìlógíráàmù mẹ́rin kokéènì àti sọ̀wédowó àwọn arìnrìn-àjò tí iye rẹ̀ sún mọ́ $300,000 pòórá ní Las Vegas. Àwọn ọlọ́pàá ni ó tọ́jú wọn sí ilé-iṣẹ́ aládàáni kan tí ń ya àpótí ìpamọ́ fún ará ìlú, nítorí iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń ṣe. Àwọn mìíràn tí ó ya àpótí níbẹ̀ náà ké pé ohun ìní àwọn ti sọnù. Àwọn tí ọwọ́ wọn lè tó ẹrù àwọn ọlọ́pàá pín sí ọ̀nà méjì: àwọn ọlọ́pàá tí ó ní kọ́kọ́rọ́ àpótí náà, àti ilé-iṣẹ́ tí ó ni àpótí.

Ó tó ọdún kan kí ẹ̀sùn tó jáde. Láàárín ìgbà náà, ìròyìn ń jáde léraléra. Ìròyìn sọ pé a ti dá àwọn ọlọ́pàá láre, pé wọ́n ti yege lórí ẹ̀rọ tí a fi ń dán ènìyàn wò bóyá ó ń purọ́, àti pé ẹni tí ó ni ilé-iṣẹ́ náà kọ̀ láti jókòó sí i. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 1988, wọ́n fẹ̀sùn kan ẹni tí ó ni ilé-iṣẹ́ náà.

Agbẹjọ́rò rẹ̀ ni Dominic Gentile. Kò tíì pe akọ̀ròyìn jọ rí lórí ẹjọ́ ọ̀ràn tí ó wà nílẹ̀. Ní alẹ́ tí ó ṣáájú, òun àti àwọn agbẹjọ́rò mìíràn jókòó ti òfin Nevada, wọ́n ń wá ibi tí ààlà wà. Òfin náà ka sísọ̀rọ̀ nípa ìwà àti ìṣeégbọ́kànlé ẹlẹ́rìí mọ́ ohun tí ó sábà máa ń pa ẹjọ́ lára. Ṣùgbọ́n ó tún sọ pé, láìka ohun gbogbo tí ó ṣáájú sí, agbẹjọ́rò lè sọ bí ìgbèjà oníbàárà rẹ̀ ṣe rí ní gbogbogbòò, láìfẹ ọ̀rọ̀ lójú. Ibẹ̀ ni Gentile rò pé òun lè dúró sí.

Wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ̀sùn jáde, ó bá àwọn akọ̀ròyìn sọ̀rọ̀ ní ṣókí. Ó ní ẹ̀rí yóò fi hàn pé oníbàárà òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, àti pé ọlọ́pàá kan pàtó ni ó wà ní ipò tí ó rọrùn jù láti kó ẹrù náà. Ó tún sọ pé àwọn kan lára àwọn tí ń ké pé ohun ìní àwọn sọnù jẹ́ ẹni tí a mọ̀ mọ́ òwò oògùn olóró. Nígbà tí àwọn akọ̀ròyìn ní kí ó fẹ ọ̀rọ̀ lójú, ó kọ̀ léraléra, ó ní ìlànà iṣẹ́ òun kò gbà á.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà ni ìgbẹ́jọ́ wáyé. Nígbà tí a ń ṣa júrì, kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó sọ pé òun rántí Gentile tàbí ìpàdé tí ó ṣe. Àwọn ohun tí ó sọ ní gbangba wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, júrì sì dá oníbàárà rẹ̀ sílẹ̀ lórí gbogbo ẹ̀sùn. Lẹ́yìn èyí ni Ẹgbẹ́ Agbẹjọ́rò Ìpínlẹ̀ Nevada pe Gentile lẹ́jọ́. Ìgbìmọ̀ ìbáwí ní ó rú òfin, wọ́n sì dábàá pé kí a bá a wí ní ìkọ̀kọ̀. Ìjìyà kékeré ni, Gentile sì lè gbà á kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ó kọ̀, ó gbé ẹjọ́ náà jáde sí gbangba. Ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Nevada dá a lẹ́bi, ó sì pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí ti orílẹ̀-èdè.

Ìdájọ́ oníhà méjì

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 1991, àwọn adájọ́ mẹ́sàn-án náà pín sí márùn-ún àti mẹ́rin lẹ́ẹ̀mejì nínú ẹjọ́ kan ṣoṣo. Adájọ́ Sandra Day O'Connor nìkan ni ó wà nínú ẹgbẹ́ tí ó borí nígbà méjèèjì.

Ìhà kìíní, tí olórí àwọn adájọ́, William Rehnquist, kọ, ti òfin lẹ́yìn. Ó ní òṣìṣẹ́ ilé-ẹjọ́ ni agbẹjọ́rò. Ó mọ àṣírí ẹjọ́ tí akọ̀ròyìn kò mọ̀, àwọn ènìyàn sì máa ń gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ẹni tí ó mọ òtítọ́. Nítorí náà, ìpínlẹ̀ lè fi ààlà sí ẹnu rẹ̀ ju bí ó ti lè fi sí ẹnu akọ̀ròyìn lọ. Kò pọn dandan kí a fi hàn pé ewu náà ti dé tán. Ó tó bí ó bá ṣeé ṣe gidigidi pé ọ̀rọ̀ náà yóò pa ẹjọ́ lára.

Ìhà kejì, tí Adájọ́ Anthony Kennedy kọ, dá Gentile láre. Ó ní bí Nevada ṣe lo òfin rẹ̀ kò fún ẹni tí ó fẹ́ pa á mọ́ ní ọ̀nà tí yóò tọ̀. Kí ni "ní gbogbogbòò"? Níbo ni ṣíṣàlàyé ti di fífẹ ọ̀rọ̀ lójú? Agbẹjọ́rò tí ó ka òfin náà tìṣọ́ratìṣọ́ra, tí ó jíròrò lórí rẹ̀ mọ́jú, tí ó sì kọ̀ láti dáhùn ìbéèrè nítorí rẹ̀, ṣì rí i pé òun ti kọjá ààlà. Òfin tí kò jẹ́ kí ènìyàn mọ ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ń fún àwọn tí ó wà nípò ní àǹfààní láti mú ẹni tí wọ́n bá fẹ́ mú. Ẹni tí ó sì wà nínú ewu jù ni agbẹjọ́rò tí ó bá sọ ọ̀rọ̀ tí kò dùn mọ́ ìjọba nínú.

Bí a bá pa ìhà méjèèjì pọ̀, ohun tí ìdájọ́ náà fi lélẹ̀ ni pé ààlà tọ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ hàn kedere sí ẹni tí a ní kí ó má kọjá rẹ̀.

Àtúnṣe ọdún 1994 àti ohun tí ó ṣeé sọ

Ẹgbẹ́ Àwọn Agbẹjọ́rò Ilẹ̀ Amẹ́ríkà tún Òfin 3.6 kọ ní ọdún 1994. Wọ́n yọ àwọn ọ̀rọ̀ tí ó kó Gentile sí ìyọnu kúrò. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà tuntun náà, agbẹjọ́rò lè sọ nínú ẹjọ́ ọ̀ràn:

- ẹ̀sùn tí a fi kan olùjẹ́jọ́ àti ìgbèjà rẹ̀;
- ohunkóhun tí ó ti wà nínú àkọsílẹ̀ tí gbogbo ènìyàn lè rí;
- pé ìwádìí ń lọ lọ́wọ́, ọjọ́ tí ìgbẹ́jọ́ yóò wáyé, àti ibi tí ó yọrí sí;
- orúkọ olùjẹ́jọ́, iṣẹ́ rẹ̀ àti ibi tí ó ń gbé;
- ibi àti àkókò tí a mú un, àti àwọn òṣìṣẹ́ tí ó mú un;
- ìkìlọ̀ fún ará ìlú bí ewu bá wà, àti ẹ̀bẹ̀ pé kí ẹni tí ó ní ẹ̀rí mú un wá.

Àlàyé tí ó tẹ̀lé òfin náà dárúkọ àwọn ohun tí ó sábà máa ń pa ẹjọ́ lára: irú ènìyàn tí olùjẹ́jọ́ tàbí ẹlẹ́rìí jẹ́ àti ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ti dá rí, ìjẹ́wọ́ rẹ̀, tàbí kíkọ̀ tí ó kọ̀ láti sọ̀rọ̀, èsì àyẹ̀wò, tàbí kíkọ̀ láti ṣe é, èrò agbẹjọ́rò lórí bóyá olùjẹ́jọ́ jẹ̀bi, àti ẹ̀rí tí agbẹjọ́rò mọ̀ pé ilé-ẹjọ́ kò ní gbà. Kódà, bí a bá kéde pé a ti fẹ̀sùn kan ènìyàn, ó yẹ kí a fi kún un pé ẹ̀sùn lásán ni, àti pé aláìjẹ̀bi ni títí a ó fi dá a lẹ́bi.

Ohun tí ó tuntun jù nínú àtúnṣe náà ni ẹ̀tọ́ ìfèsì. Bí ẹlòmíràn bá ti tan ọ̀rọ̀ tí ó ba oníbàárà jẹ́ kálẹ̀, agbẹjọ́rò lè fèsì ní ìwọ̀n tí yóò fi mú ìpalára náà kúrò, kò sì gbọdọ̀ kọjá ìwọ̀n náà. Ohun tí Gentile gbìyànjú láti ṣe ní Las Vegas ti wá ní ìlẹ̀kùn tirẹ̀ nínú òfin.

Agbẹjọ́rò ìjọba: ẹjọ́ Durham

Ọ̀rọ̀ agbẹjọ́rò méjèèjì kò wúwo bákan náà. Agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ ń sọ̀rọ̀ fún ẹnì kan, gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé owó ni wọ́n fi gbé e dìde. Agbẹjọ́rò ìjọba ń sọ̀rọ̀ ní orúkọ ìlú, àwọn ọlọ́pàá wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ènìyàn sì gbà pé ó ti wádìí kí ó tó sọ̀rọ̀. Nítorí náà ni àtúnṣe ọdún 1994 ṣe fi ẹrù mìíràn kún tirẹ̀ lábẹ́ Òfin 3.8: kò gbọdọ̀ sọ ohun tí yóò mú kí ìlú túbọ̀ kórìíra olùjẹ́jọ́, ó sì gbọ́dọ̀ sa ipá rẹ̀ kí àwọn ọlọ́pàá àti àwọn mìíràn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ má ṣe sọ ọ́.

Ìdí òfin yìí hàn kedere ní ìlú Durham, ní ìpínlẹ̀ North Carolina. Ní oṣù kẹta ọdún 2006, obìnrin kan sọ pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù lacrosse ti Yunifásítì Duke fipá bá òun lò. Mike Nifong, agbẹjọ́rò ìjọba ní ẹkùn náà, ń du ipò rẹ̀ nínú ìdìbò abẹ́nú tí yóò wáyé ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ti bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ akọ̀ròyìn sọ̀rọ̀. Ó ní ó dá òun lójú pé ìfipábánilòpọ̀ wáyé. Ó fi àwọn agbábọ́ọ̀lù náà bú. Ó sọ̀rọ̀ sí wọn nítorí pé wọ́n wá agbẹjọ́rò, bẹ́ẹ̀ ẹ̀tọ́ wọn ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fẹ̀sùn kan ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta. Èsì àyẹ̀wò DNA fi àmì àwọn ọkùnrin mìíràn hàn, kò sí ti agbábọ́ọ̀lù kankan lára èyí tí wọ́n rí. Ṣùgbọ́n Nifong kò fún àwọn agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ ní gbogbo èsì náà.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2006, Ẹgbẹ́ Agbẹjọ́rò Ìpínlẹ̀ North Carolina pe Nifong lẹ́jọ́ ìbáwí. Ọ̀rọ̀ tí ó sọ fún àwọn akọ̀ròyìn ni wọ́n kọ́kọ́ fi kàn án. Ti èsì tí ó fi pamọ́ tẹ̀lé e. Ní oṣù kẹrin ọdún 2007, Roy Cooper, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ náà, fagi lé gbogbo ẹ̀sùn, ó sì kéde pé àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò jẹ̀bi. Ní oṣù kẹfà, wọ́n gba ẹ̀tọ́ láti ṣe iṣẹ́ agbẹjọ́rò lọ́wọ́ Nifong. A kò ṣa júrì kankan nínú ẹjọ́ náà rí. Ọ̀rọ̀ gbangba ti ṣe ìpalára tirẹ̀ láìdé iwájú júrì, nítorí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti lo ọdún kan gẹ́gẹ́ bí ọ̀daràn lójú orílẹ̀-èdè.

Nàìjíríà

Ní Nàìjíríà, Òfin ilẹ̀ ọdún 1999, abala 36(5), sọ pé a ó ka ẹni tí a fẹ̀sùn ọ̀ràn kàn sí aláìjẹ̀bi títí a ó fi fi ẹ̀rí dá a lẹ́bi. Abala 39 sì dáàbò bo òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ. Nínú Ìlànà Ìwà Iṣẹ́ Àwọn Agbẹjọ́rò tí a ṣe ní ọdún 2007, òfin 33 ni ó fi ààlà sí ọ̀rọ̀ nípa ẹjọ́ nígbà náà. Ó ka ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ilé-ẹjọ́ léèwọ̀ fún agbẹjọ́rò tí ó wà nínú ẹjọ́, bí a bá gbèrò ọ̀rọ̀ náà láti ba ìgbẹ́jọ́ òdodo jẹ́, tàbí bí ó bá ṣeé rò pé ó lè bà á jẹ́. Ẹni tí ó bá rú ìlànà iṣẹ́ lè bá ara rẹ̀ níwájú Ìgbìmọ̀ Ìbáwí Àwọn Agbẹjọ́rò.

Ìyàtọ̀ méjì wà láàárín èyí àti ti Amẹ́ríkà. Èkíní, ìdíwọ̀n ti Nàìjíríà le jù. Ní Amẹ́ríkà, ó gbọ́dọ̀ ṣeé ṣe gidigidi kí ọ̀rọ̀ pa ẹjọ́ lára. Lábẹ́ ìlànà ọdún 2007 ti Nàìjíríà, ó tó bí ó bá ṣeé rò pé ó lè ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ a kì í lo júrì ní Nàìjíríà òde òní. Adájọ́ ni ó ń gbọ́ ẹ̀rí, òun náà ni ó sì ń pinnu, a sì kọ́ ọ láti gbé ọ̀rọ̀ ìta tì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ṣùgbọ́n adájọ́ nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ gbangba ń bá. Ẹlẹ́rìí tí ó gbọ́ ọ lè bẹ̀rù kí ó sá, tàbí kí ó yí ohun tí ó rántí padà. Bí ìlú bá sì ti dájọ́ tán, ìdájọ́ tí ó bá yàtọ̀ sí tiwọn ni wọn yóò sọ pé owó ni ó ṣe é.

Èkejì, òfin 33 kò to ohun tí agbẹjọ́rò lè sọ lẹ́sẹẹsẹ bí Òfin 3.6 ti ṣe. Agbẹjọ́rò Nàìjíríà tí ó bá fẹ́ pa á mọ́ yóò fi ọgbọ́n ara rẹ̀ wọn ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Gentile ti ṣe ní alẹ́ ọjọ́ kan ní Las Vegas. Ìbéèrè tí Adájọ́ Kennedy bi Nevada ṣeé bi níbí pẹ̀lú.

Ó sì yẹ kí a rántí pé kì í ṣe agbẹjọ́rò ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Àwọn ọlọ́pàá máa ń to àwọn afurasí jọ níwájú kámẹ́rà kí wọ́n tó gbé wọn lọ sí ilé-ẹjọ́. Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin ka àṣà yìí léèwọ̀ nínú àtúnṣe tí a ṣe sí Òfin Ìṣàkóso Ìdájọ́ Ọ̀ràn ní ọdún 2021. Níbi tí àṣà náà bá ṣì wà, agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ tí a ní kí ó dákẹ́ ń dákẹ́ lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ kejì ti sọ tirẹ̀ tán.

Ibi tí àríyànjiyàn kù sí

Àwọn kan gbà pé ó yẹ kí ààlà agbẹjọ́rò méjèèjì rí bákan náà, nítorí òṣìṣẹ́ ilé-ẹjọ́ ni àwọn méjèèjì. Àwọn mìíràn ní kí ti agbẹjọ́rò ìjọba le jù, nítorí agbára tí ó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rí Durham ti àwọn ẹgbẹ́ kejì lẹ́yìn. Ìbéèrè mìíràn ni ti ìkànnì ayélujára. Òfin ọdún 1994 ronú nípa ìwé ìròyìn àti tẹlifíṣọ̀n, níbi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń rọ̀ bí oṣù bá kọjá. Ní Las Vegas, oṣù mẹ́fà tó láti mú kí àwọn júrì gbàgbé. Ọ̀rọ̀ tí agbẹjọ́rò bá gbé sórí ayélujára lónìí yóò ṣì wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí ìgbẹ́jọ́ bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ó bá tẹ orúkọ olùjẹ́jọ́ yóò sì rí i.

Ẹyin ni ohùn. Bí ó bá bọ́, fífọ́ ni yóò fọ́. Ohun tí àwọn ẹjọ́ wọ̀nyí fi kún òwe náà ni pé ẹni tí ẹyin náà fọ́ mọ́ lórí kì í sábà jẹ́ ẹni tí ó sọ ọ́. Ilé-ẹjọ́ lè fagi lé ìdájọ́, ó sì lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ agbẹjọ́rò tí ó ṣì í lò. Ọdún mẹ́wàá tí Sheppard lò lẹ́wọ̀n ni kò sí ìdájọ́ tí ó lè dá a padà.